Ọnà, Ọ̀nà

Ọnàkọ̀yà lorúkọ ilé wa.
Ọnà ni, èyí tí à ń fín sára igbá,
kì í ṣe ọ̀nà tí à ń tọ̀.
Àwọn ọmọ iléèwé mi kò ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀,
wọ́n a ní, "Tíṣà Ọlọ́nà ti dé!"
Mo rẹ́rìn-ín títí, mo gbà.

Bàbá mi a gun kẹ̀kẹ́ ológeere
láti Ògèrè wá sí Ṣágámù,
agbọ̀n obì méjì lẹ́yìn, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì.
Aago rẹ̀ a dún kín-rín, kín-rín.
Ajá Mákùn kì í gbó o mọ́, wọ́n ti mọ̀ ọ́n.
Títì ò fẹ̀ nígbà náà,
eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tẹlẹ́sẹ̀ ni;
ẹnì kankan ò kọ ọ́ sílẹ̀,
ẹnì kankan ò sì jiyàn.

Wọ́n wá fẹ títì wa lójú.
A jó. Èmi náà jó.
Ọ̀dà dúdú ṣàn, ó ṣàn,
títì àti gọ́tà fẹnu konu.
Tírélà sìmẹ́ǹtì ń kọjá,
afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fa ìró wa.
Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà:
ní tiwa, ọ̀kan náà ló wọ̀ ọ́,
ọkọ̀ ló sì ni ín.

Mosúnmọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
a máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ láti ilé dé iléèwé:
ẹgbẹ̀rún ó lé méjìlá.
Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, òjò ń rọ̀,
ó kà á dé ọ̀ọ́dúnrún,
ni fèrè ọkọ̀ bá ké lẹ́yìn rẹ̀.
Gọ́tà ló fò sí.
Ọpẹ́ ni pé gọ́tà ló fò sí.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún kán.
Nígbà tí mo débẹ̀, ohun tó bi mí ni pé,
"Tíṣà, ṣé kí n tún un kà láti ení ni?"

Mo gba káńsù lọ.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ṣówándé,
tẹ́ àwòrán títì sílẹ̀ fún mi. Ó rẹwà.
"Ibí lọkọ̀ ń gbà lọ. Ibí lọkọ̀ ń gbà bọ̀."
Mo ní, "Èmi ńkọ́?"
Ó wo àwòrán, ó wò mí,
ó tún àwòrán wò.
Mo bọ́ bàtà ọ̀tún, mo gbé e lé bébà rẹ̀:
ó bo Mákùn mọ́lẹ̀, ó bo Sábó.
Kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Oṣù méje kọjá kó tó dé,
òun àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, ọ̀dà funfun, okùn,
òpó kéékèèké bí eyín ọmọ ọwọ́.
Wọ́n fi kọnkéré bo gọ́tà fún ẹlẹ́sẹ̀,
wọ́n gé ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lára títì fún oníkẹ̀kẹ́.
Awakọ̀ bú wa.
Òṣífẹ̀sọ̀ onítáyà, tí wọ́n ní kó sún ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́yìn,
kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko,
lọ́sẹ̀ kẹrin, ó so táyà kẹ̀kẹ́ méjìlá kọ́, ó ń tà á.
Mo dúró, mo wo ìlà funfun náà:
ọnà ni, lára ọ̀nà.

Kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé epo,
ó kú síbi ọgbà mẹkáníìkì.
Irínwó ìṣísẹ̀, Mosúnmọ́lá ló kà á
(ẹ bá mi yọ díẹ̀ kúrò, ó ṣì ń tiro).
Lẹ́yìn ọgbà mẹkáníìkì, ẹnu gọ́tà la tún bá ara wa,
ojú lẹ́yìn, àdúrà lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n láàrin irínwó yẹn,
ènìyàn méjì lè rìn pọ̀ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀,
kí ọ̀kan má fa èkejì lápá.
Láàárọ̀ àná, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi,
kín-rín, kín-rín.
N kò fò.
Mo kàn sún díẹ̀,
ó kọjá.